Ẹ̀bẹ olówó kékeré fún ẹni mẹ́fà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì Lágere

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ifẹ̀ àti Iléṣà. Òjò ò jẹ́ ká gbádùn lọ́sẹ̀ yìí, otútù sì ń mú àwọn ọmọ. Mo ń wá oúnjẹ gbígbóná kan tí mo lè sè sínú ìkòkò kan ṣoṣo, tó máa yó wa, tó sì máa tuni lára. Ká jẹ ẹ́ lálẹ́, kó tún kù díẹ̀ fún àárọ̀ ọjọ́ kejì kí àwọn ọmọ tó lọ sílé ìwé. Àsáró ló wà lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n mo dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣu lánàá, mo kàn kí wọn ni, mo kọjá.

Ẹni mẹ́fà ni wá: èmi, baálé mi, ìbejì ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n wọn, àti ìyá ọkọ mi tó ní àtọ̀gbẹ. Ilé ìwé aládàáni ni baálé mi ti ń kọ́ni, owó oṣù ò sì tíì wọlé. 3,000 náírà ni mo lè yọ sí oúnjẹ náà. Ohun tó wà nílé ni epo pupa ìlàjì ìgò, irú díẹ̀, iyọ̀, àlùbọ́sà méjì, àti ẹ̀wà olóyin bí agolo méjì. Gáàsì mi ti ń lọ sílẹ̀. Mo ní àdògán eléèédú, ṣùgbọ́n ta ló ń ra èédú nírọ̀rùn mọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n fi rọ́pò iṣu? Ṣé màmá náà á sì lè jẹ nínú rẹ̀?

Great Ife ni mí

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ se ìrẹsì elépo. Ata, irú, edé, iyọ̀, ó parí. Ohun tí à ń jẹ ní Angola Hall, họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ní yunifásítì Ifẹ̀, nìyẹn bí owó bá ti ń tán lọ, kò sì sẹ́ni tó kú.

Bàbá Táyà Sábó

Ọmọ yìí, ìrẹsì tí ẹni mẹ́fà máa jẹ lẹ́ẹ̀mejì, nínú 3,000? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ra ata?

Màmá Ìbejì, ẹ̀gẹ́ ni kí ẹ rà. Ó pọ̀ lọ́jà, kò sì wọ́n. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ẹ̀gẹ́ ṣíṣè la fi ń jẹ ẹ̀wà. Bí iṣu bá wọ́n, òun náà ni wọ́n ń fi ṣe ẹ̀bẹ fún wa. Ní ti owó oṣù ọ̀gá, ẹ fara dà á. Láti July 2024 ni ìjọba ti sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà, ṣùgbọ́n èmi ò tíì rí ilé ìwé aládàáni kan ládùúgbò mi tó ṣe bí ẹni tó gbọ́.

Ìyá Olóbì, Iléṣà

Ìyàwó wa, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ẹ fi iṣu sílẹ̀. Àwa Ìjẹ̀ṣà gan-an, iyán la ń tọ́jú iṣu fún. Ẹni tó bá fi iṣu gidi se ẹ̀bẹ lásìkò tó wọ́n báyìí, a máa ń wò ó bí ẹni tí owó ń yọ lẹ́nu.

Kókò ni kí ẹ rà, kí ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n kún un. Ilẹ̀ kòkó ni ilẹ̀ wa, láti ìhín títí dé ẹ̀yìn Ifẹ̀ yín lọ́hùn-ún. Àwọn àgbẹ̀ máa ń gbin kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde kí ó lè rí ibòji. Oko ìtòsí ló ti ń wá, kò sí owó ọkọ̀ lórí rẹ̀ bíi ti iṣu tó ń bọ̀ láti Ṣakí tàbí òkè Ọya. Lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń gbé e wá láti oko fúnra wọn ni kí ẹ ti rà á, ẹ má dúró lọ́dọ̀ alágbàtà.

Báyìí ni mo ṣe ń sè é. Ẹ rẹ ẹ̀wà yín mọ́jú, kí ẹ da omi ìrẹ náà nù. Òun ni kó kọ́kọ́ wọ ìkòkò nítorí òun ló pẹ́ jù láti rọ̀. Kí ẹ tó bọ́ kókò, ẹ fi epo díẹ̀ pa ọwọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó máa họra títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Ẹ gé e, kí ẹ fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Bí ẹ̀wà bá ti ń rọ̀, ẹ da kókò sí i. Bí ó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, ẹ da ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i. Kí omi kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni, kò gbọdọ̀ máa lúwẹ̀ẹ́.

Ata rodo díẹ̀ nítorí àwọn ọmọ, tàtàṣé kan tó pọ́n dáadáa, àlùbọ́sà kan. Ẹ gún un, ẹ má jẹ́ kó kúnná. Ẹ dà á sí i pẹ̀lú irú àti edé. Epo ló kàn. Ẹ jẹ́ kó hó kí òórùn epo lè kúrò, kí ẹ wá dín iná kù. Bí kókò bá ti ń fọ́ fúnra rẹ̀, ẹ fi ṣíbí onígi tẹ díẹ̀ lára rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kí ọbẹ̀ náà ki, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyókù wà ní ègé. Àlùbọ́sà kejì, ẹ rẹ́ ẹ lé e lórí nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ẹ sọ̀ ọ́. Bí gbúre bá wà lẹ́yìn ilé yín, ẹ já a sí i. Kò gba kọ́bọ̀.

Mo tún un sọ: kókò gbọ́dọ̀ jinná dénú. Èyí tí kò bá jinná, ọ̀fun ni yóò ti fẹjọ́ yín sùn.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Bàbá Táyà, ẹ jọ̀wọ́ sà, ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ yẹn ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀gẹ́ ní májèlé kan nínú tí wọ́n ń pè ní sáyánáídì. Oríṣi tó korò ló pọ̀ nínú rẹ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rẹ ẹ́ fún fùfú àti láfún, tí wọ́n sì ń rin ín, tí wọ́n ń fún un, tí wọ́n ń yan án kó tó di gàrí. Òótọ́ ni pé ẹ̀gẹ́ tí kò korò wà tí ènìyàn lè sè jẹ, bóyá òun ni wọ́n ń sè fún yín nílé nítorí pé àwọn òbí yín mọ ohun tí wọ́n gbìn. Èyí tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ lọ́jà ńkọ́? Ẹ ò lè fojú mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rin ò sì ní agbára àgbàlagbà.

Bàbá Táyà Sábó

Ẹ̀gẹ́ oko bàbá mi ni, lóòótọ́. Mo gbà.

Àǹtí Ẹlẹ́ja Ọjà Tìtún

Kò tíì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ẹja, ẹ̀yin ará yìí! Ẹ̀bẹ láìsí ẹja, ìyà ni.

Màmá Ìbejì, ẹ má ra òkú Èkó fún ẹ̀bẹ yìí, ó máa fọ́ kákiri, ó sì máa gba owó yín. Ṣáwà gbígbẹ ni kí ẹ rà. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní èyí tó ti fọ́. Adùn rẹ̀ kò yàtọ̀, owó rẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹ fi omi gbígbóná oníyọ̀ fọ̀ ọ́ kí iyanrìn kúrò. Yọ egungun tó bá wà nínú rẹ̀ dáadáa nítorí àwọn ìbejì.

Edé: ẹ má ra èyí tí wọ́n ti lọ̀ sílẹ̀. Ẹ ò mọ ohun tó bá a wọ ẹ̀rọ. Ẹ ra odindi díẹ̀, kí ẹ sá a sóòrùn, kí ẹ gún un fúnra yín. Oòrùn ò sí báyìí, ó yé mi, ẹ yan án díẹ̀ nínú páànù gbígbẹ.

Ẹni tó bá sọ pé kí ẹ fi pọ̀nmọ́ sí i, ẹ má dá a lóhùn. Ó ń mú ẹnu dùn, ṣùgbọ́n kò ní agbára tí ẹja ní fún ọmọ tó ń dàgbà. Ẹ̀wà tí ẹ ní nílé yẹn gan-an sàn jù ú lọ. Màmá yín tó ní àtọ̀gbẹ, kí wọ́n jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n ní tiwọn, kò ń gbé ṣúgà sókè rárá.

Great Ife ni mí

Pọ̀nmọ́ ni mo fẹ́ sọ o. Mo ti gbẹ́nu mi dákẹ́.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Àǹtí Ẹlẹ́ja, mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa ẹja, àyàfi èyí tó kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà bẹ́ẹ̀, òun ló sì ń gbé àwọn aláàtọ̀gbẹ dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n kì í gbé ṣúgà sókè kíákíá bí èyí tó pọ́n, ṣùgbọ́n ó ń gbé e sókè. Tí màmá bá jẹ abọ́ ńlá kan nítorí pé wọ́n ní kò léwu, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà kò níí gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí màá ṣe nìyí. Kí ẹ tó tẹ kókò mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ẹ yọ ti màmá sọ́tọ̀. Oúnjẹ tí a ti tẹ̀ rọ̀ tètè ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ ju èyí tó wà ní ègé lọ. Nínú abọ́ wọn, kí ẹ̀fọ́ kó ìlàjì, kí ẹ̀wà àti ẹja pọ̀, kí kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ́ ègé díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń lo oògùn tàbí abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, wọn ò gbọdọ̀ torí pé oúnjẹ kéré kí wọ́n má jẹun lálẹ́. Ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù náà ń pani.

Gbúre kan ìdì ò tó fún ẹni mẹ́fà. Ẹ wá ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀ kún un. Ẹ jẹ́ kí irú ṣe iṣẹ́ mágì, nítorí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kì í fẹ́ kí ìfúnpá gíga tún bá a.

Ìyá Ìbejì Lágere

Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á bù sí ti gbogbo yín. Màmá mi gan-an ti sọ lẹ́ẹ̀kan rí pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò lópin fún òun. Màá rọra ṣàlàyé fún wọn.

Ọ̀rọ̀ gáàsì ló kù. Aládùúgbò mi ní kí n sọ parasitamọ́ọ̀lù kan sínú ẹ̀wà, kó lè tètè rọ̀. Ẹlòmíì ní káún ni. Èwo ló dáa?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ má ṣe fi parasitamọ́ọ̀lù sínú oúnjẹ rárá. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń bá jà. Ẹ bá mi sọ fún aládùúgbò yẹn náà, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù.

Káún ń mú ẹ̀wà rọ̀, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ó ń ba fítámì kan jẹ́ nínú ẹ̀wà, oríṣi iyọ̀ kan sì ni. Nítorí màmá, ẹ fi sílẹ̀.

Bọ̀dá Oníwáyà

Mo ti ń wò yín látẹ̀ẹ̀kan. Ìyá Olóbì, ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà tí ẹ ò rídìí ìṣáná, tí ẹ ti ń múná láti ilé lọ oko, ẹ ò lè mọ ìṣòro ẹni tí gáàsì rẹ̀ ń tán. Ẹ fún mi láyè.

Màmá Ìbejì, àlùbáríkà pọ̀ nínú rírẹ ẹ̀wà tí màmá sọ, nítorí ó ń dín àkókò tó máa lò lórí iná kù gan-an. Ó tún kù kan. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà náà hó dáadáa fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ̀lú ìdérí. Ẹ pa iná. Ẹ ti to aṣọ àtijọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ńlá tàbí páálí. Ẹ gbé ìkòkò náà sí i pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, kí ẹ fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, kí atẹ́gùn má wọlé. Ẹ má ṣí i wò! Bí ẹ bá ń ṣí i, ẹ ti bà á jẹ́. Ooru tó wà nínú rẹ̀ á máa sè é nìṣó láìjẹ gáàsì. Lẹ́yìn wákàtí bíi méjì, ẹ gbé e padà sórí iná, kó tún hó. Ẹ̀wà náà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ tán. Ẹ lè fi ṣe kókò náà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìkòkò tó nípọn, tó sì kún dáadáa, ló ń mú ooru dúró. Èyí tó fẹ́lẹ́, tó sì jẹ́ ìlàjì, ìyà lẹ ń jẹ.

Ìyá Olóbì, Iléṣà

Oníwáyà, ìwọ ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀wà, mo gbà fún ọ. Ìyá mi náà ń wé ìkòkò ẹ̀wà sínú àpò sákì kó tó lọ ṣọ́jà. Kókò ńkọ́? Àní kókò! Kókò tó bá ń tutù díẹ̀díẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, tí ẹ ò mọ̀ bóyá ó jinná dénú, ṣé ìwọ lo máa wá họ ọ̀fun àwọn ọmọ náà? Kókò fẹ́ iná tó ń hó, títí tí ṣíbí á fi gba inú rẹ̀ kọjá láìdúró.

Bọ̀dá Oníwáyà

Ẹ̀wà nínú apẹ̀rẹ̀, kókò lórí iná. Mo dọ̀bálẹ̀, màmá.

Nǹkan kan péré ni mo máa fi kún un. Kí ẹ gé kókò náà kéékèèké, kó tó ìwọ̀n kan náà. Ègé ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ègé kékeré ló ń jẹ gáàsì. Kí ẹ sì máa dé ìkòkò.

Bàbá Táyà Sábó

Èyí tí wọ́n fẹ́ jẹ láàárọ̀ ńkọ́? Iná ò dúró ládùúgbò wa. Ní tiwa, à ń fi í sílẹ̀ nínú ìkòkò ni, a máa ń gbé e kaná bí ilẹ̀ bá mọ́. Tó bá ti hó, kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ ti kú.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Kòkòrò lè kú, sà. Májèlé tí ó ti sun sínú oúnjẹ lóru kò kú. Òmíì wà nínú wọn tí iná ìdáná kò lè bà jẹ́, pàápàá nínú ìrẹsì àti oúnjẹ tó ní sítáàṣì tó bá wà láìtutù láìgbóná. Ó lè má ta, ó lè má rùn, kí ó sì fún ọmọ ní èébì.

Ní tèmi, bí kò bá sí fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́, ẹ sè é mọ níwọ̀n tí ẹ máa jẹ tán lálẹ́. Ẹ fi àkàrà mu ẹ̀kọ láàárọ̀.

Ìyá Olóbì, Iléṣà

Nọ́ọ̀sì, ẹ̀kọ́ yín dáa, ṣùgbọ́n owó méjì lẹ ń sọ yẹn. Ta ló fẹ́ ra àkàrà fún ẹni mẹ́fà? Tiwa láyé àtijọ́, a ó bu ti àárọ̀ sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ti ṣíbí ẹnu bọ̀ ọ́. A kì í fi ẹ̀fọ́ sí i, ìgbà tí a bá fẹ́ jẹ ẹ́ ni a ń já ẹ̀fọ́ sí i. A ó sè é kó tún hó kí a tó sùn, a ó gbé ìkòkò náà sínú ọpọ́n omi tútù. Ní ìdájí, kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti tún wà lórí iná. Bí a bá rí ìfófòó lórí rẹ̀ tàbí tó kan díẹ̀, a dà á nù láìwo owó rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Bíbù sọ́tọ̀ yẹn àti omi tútù yẹn dáa gan-an, mà. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé ó tó fún ọmọ ọdún mẹ́rin àti màmá àgbà tó ní àtọ̀gbẹ. Tó bá jẹ́ àwa àgbàlagbà nìkan, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Great Ife ni mí

Aládùúgbò tó ní ẹ̀rọ amúnáwá ńkọ́? Ẹ lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín fi abọ́ kan sínú fíríìjì wọn lálẹ́. Tiwa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta mínírà là ń gbé tiwa lọ.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Great Ife, èyí gan-an ni. Kí ó kọ́kọ́ tutù díẹ̀ nínú abọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kó má pẹ́ níta, kí ó tó wọ fíríìjì.

Ìyá Ìbejì Lágere

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ti sè é.

Kókò 1,000 náírà, lọ́wọ́ ìyá kan tó gbé e wá láti oko. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ 600, ṣáwà tó fọ́ 700, ata àti tàtàṣé 300, edé 300. Ó ku 100 náírà lọ́wọ́ mi. Gbúre àti tẹ̀tẹ̀ wà lẹ́yìn ilé onílé wa, wọ́n ní kí n já a bó ṣe wù mí.

Mo wé ìkòkò ẹ̀wà náà sínú aṣọ bí Bọ̀dá Oníwáyà ṣe wí. Baálé mi ń bi mí bóyá ọmọ tuntun ni mo gbé sínú páálí. Ẹ̀wà náà rọ̀, ó ya èmi náà lẹ́nu, gáàsì ò sì tán. Mo yọ ti màmá kí n tó tẹ kókò, ẹ̀fọ́ wọn pọ̀. Wọ́n ní ata rẹ̀ ò tó, ìyẹn nìkan ni ẹjọ́ wọn. Àwọn ìbejì ń fi ọwọ́ ṣa ẹ̀fọ́ kúrò, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ìyókù tán, wọ́n sì sùn kíákíá. Mo bu ti àárọ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ó ti wà nínú fíríìjì màmá onílé.

Ìyá Olóbì, kí ló dé tí àwọ̀ rẹ̀ ṣú díẹ̀? Tiwa ò pọ́n bíi ti àsáró oníṣu.

Ìyá Olóbì, Iléṣà

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Tí ẹ bá ti bọ́ ọ, tí ó wà níta, ó máa ń ṣú. Bí ẹ bá ṣe ń bọ́ ọ ni kí ẹ máa sọ ọ́ sínú omi, kí ẹ sì yọ ọ́ nígbà tí ìkòkò bá ti ṣe tán láti gbà á. Ẹ lè fi tàtàṣé kan kún un nígbà mìíràn. Ẹ má fi epo kún un nítorí àwọ̀ o, inú ni yóò máa dà yín láàmú. Ẹ kú ọwọ́ náà.

Bàbá Táyà Sábó

Tí ẹ bá tún fẹ́ ra ẹ̀wà, ẹ wá sí Sábó lọ́dọ̀ àwọn Mọ̀lá. Kóńgò tiwọn kún ju ti ibòmíràn lọ, ẹ ṣá máa wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó wọn ọ́n, nítorí àwọn kan máa ń tẹ̀ ẹ́ wọnú. Ẹ fẹ́ ẹ kúrò lára èèpo kí ẹ tó sanwó.

Àǹtí Ẹlẹ́ja Ọjà Tìtún

700 fún ṣáwà fífọ́? Ẹ ti tètè dé ọjà jù ni, tàbí ọ̀dọ̀ ẹni tí ojú rẹ̀ le lẹ ti rà á. Tó bá kù díẹ̀ ká palẹ̀ ọjà mọ́ nírọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa wá. Èyí tó kù nínú àwo la máa ń kó pọ̀ fún oníbàárà nígbà yẹn, a ò níí fẹ́ gbé e padà sílé.